Bàbá Kọ́lá Dé: Ìpè Òbí Nínú Eré Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń wo Africa Magic Yorùbá, ẹ ó ti pàdé ìtàn yìí: obìnrin ti kọ ọkọ sílẹ̀, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ara ti tù ú, lọ́jọ́ kan, ọkọ àárọ̀ wá kanlẹ̀kùn. Ẹ má wo ojú òṣèré nìkan. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe pè é.

Ká ní Kọ́lá ni ọmọ tí wọ́n jọ bí. Bí obìnrin náà bá ní, "Bàbá Kọ́lá, kí lẹ wá ṣe níbí?", wàhálà ti wọlé. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ lè tú ìgbéyàwó ká, kò lè tú ìpè yẹn. Ìyá Kọ́lá ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Ọkọ tuntun náà ń pè é bẹ́ẹ̀, láìfura pé òun kò sí nínú orúkọ náà.

"Ẹ" yẹn ńkọ́? Arọ́pò-orúkọ ẹnìkejì ọ̀pọ̀ ni, ó fi ń bọ̀wọ̀. Bó bá yí i sí "kí lo wá ṣe níbí?", àwọn òǹwòran á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí Kọ́lá bá yọ sí wọn, "ẹ" lè tún padà, torí bàbá ọmọ ni.

Kọ́lá ni mo máa ń wò jù. "Ọkọ ìyá mi" wà lédè wa, àmọ́ a kì í fi í pe ènìyàn lójú rẹ̀. "Dádì" ni mo ń pe ọkọ màmá mi, "Bàbá mi" ni mo ń pe ẹni tó bí mi. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì jọ jókòó ní pálọ̀, n kò pe ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ fi ṣú.