Ẹ Máa Dá Ẹni Tó Ń Bá Yín Ṣọ́ Abúlé Lóhùn

Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ, torí sòbìà bá ilẹ̀ Yorùbá fínra gidi, pàápàá lágbègbè Ìbàràpá. Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tó ń ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 la rí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára sòbìà, kò sì sí oògùn tó ń pa á lára èèyàn. Omi mímọ́, asẹ́, oògùn tí wọ́n ń dà sódò àti àwọn ará abúlé tó yọ̀ǹda ara wọn ló ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà náà, àwọn ará abúlé yìí ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń sẹ́ omi odò. Bí sòbìà bá yọ lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, àwọn ló ń rí i pé kò tẹsẹ̀ bọ odò, tí wọ́n sì ń fi tó òṣìṣẹ́ ìlera létí kí wákàtí 24 tó pé.

Iṣẹ́ yìí kò lówó oṣù. Kí ló wá ń mú olùyọ̀ǹda dúró nídìí rẹ̀? Lójú tèmi, èsì ni. Ẹni tó sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, “Ẹ má bọ odò o, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bọ̀ wá wẹ egbò yín,” tí ẹnikẹ́ni kò yọjú, ìtìjú bá a. Tó bá tún sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ta ni yóò gbọ́? Nítorí náà, ẹ̀yin alábòójútó, bí ìròyìn bá dé, ẹ gbéra. Bí ohun tí olùyọ̀ǹda béèrè kò bá sí, ẹ tètè wí fún un, kó mọ ohun tí yóò sọ fáwọn èèyàn rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló ń mọ ibi tí yóò wó sí. Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì kẹ́ ẹ máa retí ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ lọ bá olùyọ̀ǹda lábúlé lásìkò tó ti oko dé, ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé e wọ ilé méjì mẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá lábùkù, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú. Bí ilé bá pọ̀ jù fún un, ẹ wá ẹnìkejì kún un. Bí ìwé kíkọ bá le fún un, ẹ jẹ́ kó máa fi àmì sí i.

Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Kọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ ti tọ́ ọ sọ́nà. Iwájú baálẹ̀ àti ará ìlú ni kẹ́ ẹ ti yìn ín, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣe gan-an. Yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn.

Ẹ má sì torí pé ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kẹ́ ẹ fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ pè sípàdé, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣèlérí ohun tí apá yín kò ká.

Lónìí, irú wọn ló ń pín oògùn Mectizan, tó ń rán ìyá ọmọ létí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀yin alábòójútó, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì dáhùn ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ yìí.