Ọkọ̀ òfuurufú yà kúrò lójú ọ̀nà

Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ti Àbújá wá sí Ìbàdàn, ní Nàìjíríà. Mínísítà kan wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń balẹ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ igbó. A dúpẹ́, ẹnì kankan ò kú.

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń balẹ̀, eré rẹ̀ ṣì pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí bí awakọ̀ ò bá ríran dáadáa, ó lè yà. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sórí ilẹ̀ rírọ̀, kò ní gbọ́ ti awakọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù láti Towé lọ Pobè, bẹ́ẹ̀ náà ni yanrìn ń ṣe. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ dáhùn:
1. Níbo ni ọkọ̀ náà ti yà?
2. Kí ló lè mú ọkọ̀ yà?