Ohun Tó Já Yàtọ̀ sí Ohun Tó Lọ

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti àbúrò mi obìnrin ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ní yàrá, èmi ní pálọ̀. Mo ní kó fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja wé fóònù rẹ̀ nípele mẹ́ta, kó má fi àlàfo kankan sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá jákujàku, kò pẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Ó jáde sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dènà nẹ́tíwọ́ọ̀kì.”

Dè ọ̀nà ló di dènà. Ẹni tó lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà de ẹlòmíràn ló dènà dè é. (Wọ́n ti ń lò ó fún ìdènà àìsàn báyìí, n kò bá wọn jà.) Dí ọ̀nà ló di dínà. Igi tó wó sójú títì kò lúgọ de ẹnikẹ́ni, ó dínà ni. Iṣẹ́ fọ́ìlì nìyẹn. Ní 1836, Michael Faraday kan yàrá kan ní London, ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó, ó fi wáyà àti fọ́ìlì bò ó, ó sì wọ inú rẹ̀. Agbára iná tí wọ́n fi sí ara yàrá náà níta kò dé ọ̀dọ̀ Faraday rárá.

Ẹ̀rọ tó ń da nẹ́tíwọ́ọ̀kì rú ní tiẹ̀ kì í dínà. Ariwo ló ń pa, bíi jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀, títí fóònù kò fi ní gbọ́ ohùn òpó mọ́. Ó bo ohùn mọ́lẹ̀ ni kí á wí.

Nínú fọ́ìlì, fóònù kò sinmi. Ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, bátìrì sì ń lọ sílẹ̀. Bí àbúrò mi ṣe tú u, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé fúnra rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tó ti ń dúró sì wọlé tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n ìpè wa kò padà. Ìdí nìyẹn tí “nẹ́tíwọ́ọ̀kì já” kò fi dùn létí mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ bí iná ṣe ń lọ, ó sì ń dé bí iná ṣe ń dé; ta ni í so iná? Ìpè ló ń já, nítorí okùn ni láàárín ẹni méjì, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ so ó.

Mo tún un pè. Ó gbé e, ó ní, “Níbo la bá ọ̀rọ̀ dé?”