Bí Iwájú Ò Bá Ṣe É Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ bàálù, ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́: ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ẹ fi eré tí bàálù ń sá pín in, wákàtí yóò jáde. Ẹ mọ̀ ọ́n dunjú, nítorí ó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan ní àríwá Kánádà hàn yín, kí ẹ lè rí ibi tí ìṣirò mọ.

Resolute àti Grise Fiord jẹ́ ìletò méjì ní Nunavut, níbi tí ìjọba Kánádà ti kó àwọn ìdílé Inuit lọ láti ọdún 1953. Kò sí títì tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrù dé, nígbà tí yìnyín bá yọ̀. Aláìsàn, aláboyún, oúnjẹ tútù, bàálù ló ń gbé gbogbo wọn.

Nǹkan bíi kìlómítà 380 ló wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì. Bàálù Twin Otter, tó lè balẹ̀ sórí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ tí kò gùn, ń sáré bíi kìlómítà 270 ní wákàtí kan. Wákàtí kan ààbọ̀ ni ẹ ó kọ sílẹ̀. Ó dáa. Bí atẹ́gùn bá wá ń fẹ́ bọ̀ látiwájú ní kìlómítà 70 ńkọ́? Eré yín ti di 200 nìyẹn, ìrìnàjò sì ti ń lọ sí wákàtí méjì. Epo tí ẹ rà fún wákàtí kan ààbọ̀ kò ní gbọ́ àwíjàre. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbé epo àlọ, epo àbọ̀, àti ti ìdádúró. Lọ́hùn-ún, ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ́dún tí oòrùn kì í yọ, kọ́ńpáàsì pàápàá kò ṣeé gbára lé.

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ọdún 2011, bàálù Boeing 737 kan láti Yellowknife ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Resolute nínú kùrukùru. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó forí sọ òkè. Nínú ènìyàn 15, 12 ló kú. Àwọn olùwádìí rí i pé igbákejì awakọ̀ ti kìlọ̀ léraléra pé wọ́n ti yà, ó ní kí wọ́n gbéra padà sókè. Ọ̀gá rẹ̀ kò tètè gbà. Ìgbà tó fi máa gbà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún, ẹ má tìtorí ọ̀wọ̀ pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá di ọ̀gá, ẹ gbọ́ ti ọmọdé.

Bí iwájú ò bá ṣe é lọ, ẹ̀yìn ṣe é padà sí. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ti pinnu ibi tí ẹ ó ti ṣẹ́rí. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ kò rí ilẹ̀, ẹ ṣẹ́rí. Èrò lè kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Ẹni tó sun Resolute mọ́jú yóò rí ọjọ́ mìíràn lọ. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n.