Orin Kan Náà, Dátà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Inú ń bí mi lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí áàpù tí mo fi ń gbọ́ orin lórí fóònù, bí mo ṣe ṣí i báyìí, ibi tí mo ti máa ń yan bí ohùn orin á ṣe dára tó ti pòórá. Èyí tó kéré jù ni mo máa ń lò tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, áàpù ló ń yan fún mi, èyí tó ga jù ló sì ń yàn. Dátà tí mo fi ń lo oṣù kan tán lọ́jọ́ méjìlá!

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.

Nínú síídì, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ìró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16, ọ̀nà méjì sì ni, ti etí ọ̀tún àti ti òsì. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíìtì 1,411,200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú kan àwo jùjú tàbí fújì àtijọ́ lè tó ogún ìṣẹ́jú láìdúró, ìyẹn á sì gba nǹkan bíi 212 MB. Ta ló fẹ́ san owó yẹn?

Àwọn onímọ̀ bíi Karlheinz Brandenburg ní ìlú Erlangen, ní Jámánì, ló bá wa dín in kù. Àwọn wà lára àwọn tó ṣe MP3. Etí wa gan-an ni wọ́n yẹ̀ wò. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo nínú ọgbà, ṣé ẹ máa ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn? Ó ń kùn o, àmọ́ ìró ńlá ti bo kékeré mọ́lẹ̀. Inú orin náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí ò ní gbọ́, kí la fẹ́ fi pamọ́ fún? Wọ́n yọ ọ́ dànù. (Ohùn Suzanne Vega nínú "Tom's Diner", tí kò ní ìlù kankan, fún wọn ní wàhálà gan-an, torí kò sí ohun tó máa bo àṣìṣe.)

Tí wọ́n bá dín in kù sí kílóbíìtì 320 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ogún ìṣẹ́jú wa á jẹ 48 MB. Tó bá jẹ́ 96, 14.4 MB péré ni.

Mi ò sọ pé ìyàtọ̀ ò sí o. Nínú yàrá tó dákẹ́, pẹ̀lú earpiece tó dáa, ẹ lè gbọ́ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò dún ketekete mọ́. Ṣùgbọ́n inú dánfó ni mo ti ń gbọ́ tèmi! Ariwo ẹ́ńjìnnì àti ti kọndọ́ ti bo ìyàtọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ kó tó dé etí mi. Dátà tí mò ń san owó ẹ̀, ariwo ọkọ̀ ló ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí n lè yàn fúnra mi.

Ẹ lè dán ti yín wò. Ẹ wọ sẹ́tìǹsì fóònù yín, ẹ wo iye dátà tí áàpù orin yín ti jẹ. Ẹ gbọ́ orin fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tún wò ó, kẹ́ ẹ wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Tèmi lánàá jẹ́ 51 MB. Àwòrán àti ìpolówó ló jẹ mẹ́ta tó lé yẹn.