Ìwé ìtọ́ni tó ti gbó lè lé oníbàárà: Ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò n'Ìbàdàn

Ní Agbowó, níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í sinmi. Ẹnì kan ń tẹ̀wé, ẹnì kan ń ṣe fọ́tókọ́pì, akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró lẹ́yìn wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun tẹ iṣẹ́ ìwádìí òun jáde kí ọ́fíìsì tó tilẹ̀kùn. Ká ní ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tan kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà. Bọ́tìnì tó máa ń tẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ náà ti lọ sókè òkun, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di ti àná. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ, owó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá nìyẹn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí irú wàhálà yìí ti bá fínra tipẹ́, tí wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ìwé ìtọ́ni fún sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó lè tú wò, tó sì lè tún ṣe láìsan kọ́bọ̀. Oníṣòwò kékeré ní Dùgbẹ̀, Bódìjà, Ring Road tàbí Challenge lè kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan oníṣòwò

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké fi ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Microsoft dá àtìlẹ́yìn dúró fún Windows XP ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 2014. Ó kan Windows 7 ní ọjọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020, ó sì kan Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò lágbára láti gbé Windows 11. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan yà sọ́dọ̀ Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991.

Nínú Linux, sọ́fítíwíà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣètò fèrèsé ojú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń fa ìlà yí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ká, òun ló ń gbé e síwá sẹ́yìn, òun náà ló ń fẹ̀ ẹ́, tó sì ń tì í. Ènìyàn lè yọ ọ̀kan kúrò kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. FVWM tó jáde lọ́dún 1993, IceWM tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997, àti i3 tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009 wà lára wọn. IceWM fúyẹ́, kì í jẹ mẹ́mọ́rì púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi bá ẹ̀rọ àgbà mu.

Àmọ́ ibi tó ti dùn náà ló ti ń kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i3 kò lè fojú lásán mọ bọ́tìnì tó yẹ kó tẹ̀, nítorí inú fáìlì ni wọ́n ti ń kọ ìlànà rẹ̀. Láìsí ìwé ìtọ́ni, ẹni náà kò ní mọ ibi tó máa gbà wọlé.

Bí ìwé ṣe ń di ti àná

Ubuntu jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Lọ́dún 2011, Unity di ojú tí Ubuntu fi ń jáde sí àwọn tó ń lò ó. Lọ́dún 2017, wọ́n pa á tì, wọ́n padà sí GNOME. Ìwé ìtọ́ni tí ènìyàn kọ fún Unity kò bá ohun tó wà lójú ẹ̀rọ mu mọ́. Lọ́dún 2011 kan náà, ẹ̀dà kẹrin i3 yí bí wọ́n ṣe ń kọ fáìlì ìlànà rẹ̀ padà. Àmọ́ àwọn tó ṣe é kò fi ènìyàn sílẹ̀ sínú òkùnkùn: wọ́n ṣe irinṣẹ́ kékeré kan tó ń sọ fáìlì àtijọ́ di tuntun.

Ìwé tó ń ṣini lọ́nà burú ju àìsí ìwé lọ. Ẹni tí kò ní ìwé á béèrè. Ẹni tó ní ìwé tó ti gbó á gbà á gbọ́, á sì ba iṣẹ́ jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Èkíní, ibì kan náà ni wọ́n ń kó ìwé ìtọ́ni àti sọ́fítíwíà sí. Bó ṣe rí fún i3 nìyẹn, kí ẹni tó bá yí iṣẹ́ padà lè tún ìwé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, wọ́n ń sọ ẹ̀dà tí ìwé náà wà fún. Ẹ̀kẹta, wọ́n ń lo Git, tí Torvalds kan náà ṣe lọ́dún 2005, láti mọ ẹni tó yí nǹkan padà, ọjọ́ tó yí i, àti ìdí tó fi yí i. Ẹ̀kẹrin, ìwé náà ń bá sọ́fítíwíà wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tẹ "man icewm" á rí i kà láìra dátà.

Ohun tí oníṣòwò lè ṣe

Kí ọ̀gá ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni kó kọ orúkọ sọ́fítíwíà, ẹ̀dà rẹ̀ àti ọjọ́ sí. Iṣẹ́ kan, ojú ewé kan: bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé jáde, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì oníbàárà. Bó bá jẹ́ IceWM ló wà nínú ẹ̀rọ, kó kọ ọ́ pé Alt àti Tab ń gbéni láti fèrèsé kan sí òmíràn, Alt àti F9 ń fi fèrèsé pamọ́, Alt àti F4 sì ń tì í. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù bá fúnra rẹ̀ yí padà nínú fáìlì "keys" gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé, kí ẹ̀dà fáìlì náà sì wà nínú fláàṣì. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ o. Ọ̀tọ̀ ni kó máa pa ìyẹn mọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, kó gbé ìwé náà fún ọmọ iṣẹ́ tó dé gbẹ̀yìn, kí òun fúnra rẹ̀ pa ẹnu mọ́, kó káwọ́ sẹ́yìn. Ibi tí ọmọ náà bá ti dúró, ibẹ̀ ni ìwé ti kù díẹ̀ káàtó. Kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló ń mú ìwé náà pẹ́: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ẹ̀rọ padà láìtún ìwé ṣe lọ́jọ́ náà, kó sì fi orúkọ sí i. Kí ọ̀gá sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Kò sí òfin tó ní kó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbàdàn yìí kan náà ni African Languages Technology Initiative, tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀, ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè lo èdè Yorùbá. Bí ọmọ iṣẹ́ bá tètè gbọ́ Yorùbá, Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Owó ìwé àkọsílẹ̀ kan kò tó ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń pàdánù lọ́jọ́ tí ẹni kan ṣoṣo tó mọ ẹ̀rọ kò bá sí nílé.