Ìran Àkùkọ Ìjà àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Kọ́ Wa Nípa Yíyan Akọ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Èjìgbò àti àgbègbè rẹ̀,

Bí aládìyẹ bá gbé àgò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín nígbà ọdún, àkùkọ wo ni ó kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí? Èyí tí ó tóbi jù ni. Ẹ sì ń tà á, nítorí òun ni ó ń mú owó wá. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà ni ó ń kù sílé láti máa gun àwọn àgbébọ̀ yín. Báyìí ni a ṣe ń fi ọwọ́ ara wa ba ìran adìyẹ wa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é.

Gbogbo adìyẹ ilé, títí kan ti ìbílẹ̀ wa, ṣẹ̀ wá láti ara adìyẹ igbó pupa ti Éṣíà. Ó ti ju 3,000 ọdún lọ tí ènìyàn ti ń sìn ín. Akọ rẹ̀ a máa bá akọ mìíràn jà nítorí abo àti ilẹ̀. Nítorí náà, ìjà àkùkọ ti inú ẹ̀jẹ̀ wá.

Ní Íńdíà ni ìran àkùkọ ìjà tí à ń pè ní Asil ti wá. Akọ tí ó lágbára jù ni àwọn tí ń sìn ín ń fi sí àárín abo. Ọrùn rẹ̀ nípọn, igẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú ó sì le, ogbe rẹ̀ kéré, a sì máa dúró ṣánṣán. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ tọ́jú.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Asil gun adìyẹ ìjà tiwọn. Ìran Cornish ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ara rẹ̀ wúwo jù fún ìjà, ṣùgbọ́n igẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹran. Òfin ọdún 1835 ka ìjà àkùkọ léèwọ̀ ní ilẹ̀ náà, síbẹ̀ Cornish kò parun. Nínú ìdíje adìyẹ ẹran tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1948, àwọn ọmọ àkùkọ Cornish àti abo New Hampshire ni ó gba ipò kìíní. Ẹ̀jẹ̀ Cornish sì wà lára adìyẹ òyìnbó tí à ń pa jẹ lónìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ẹní bí ni là ń jọ. A kò sọ pé kí ẹ sin adìyẹ fún ìjà o. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni kí ẹ yan akọ fún. Ẹ ṣe báyìí:

1. Kí ẹ tó ta ọ̀kankan, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹsẹ̀ akọ tí ó yára dàgbà jù, tí àìsàn kò ṣe rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́, tí ìyá rẹ̀ sì tọ́ ọmọ púpọ̀ yè.

2. Akọ kan tó fún abo mẹ́wàá.

3. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àgbẹ̀ ìlú mìíràn, kí ó má baà gun àwọn ọmọ tirẹ̀.

4. Ẹ ya akọ àlejò sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí lùkúlùkú.

Bí aládìyẹ bá tún dé, tí ó tọ́ka sí ẹlẹ́sẹ̀ aṣọ pupa, ẹ dá a lóhùn pé: “Èyí kì í ṣe títà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí o padà wá rà.”